Ògiri Tí Ilésanmí Rù

Fèrèsé ni ọmọbìnrin náà rù. Kì í ṣe igi, kì í ṣe omi, kì í ṣe iṣu. Fèrèsé onígi àtijọ́ kan tí wọ́n kùn ní búlúù, tí gíláàsì ti tán lójú rẹ̀, ni ó gbé dúró lórí òṣùká, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí ó sì ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀ sí Iye-Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní. Ọyẹ́ ti bo ọ̀nà àti oko bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọn èlùbọ́ sáfẹ́fẹ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gba ojú fèrèsé náà kọjá, ó wá dà bíi pé ilé kan ni ó ń rìn bọ̀ nínú kùrukùru, ilé tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé, tí ẹnì kan sì ti tan iná sílẹ̀ nínú rẹ̀ de àlejò.

Ilésanmí dá alùpùpù rẹ̀ dúró. Bíríkìlà ni, ọmọ Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ẹni ọdún méjìdínlógójì, tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tú ká. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kọ́ ilé fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ilé kò wá pàdé rẹ̀ lọ́nà rí.

"Àǹtí, ẹ kú ìrìn o. Ṣé fèrèsé lẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó ra ògiri?"

"Ògiri wà nílé," ni ọmọbìnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ dúró. "Ògiri pọ̀ nílé ju ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe sí lọ. Fèrèsé gidi ni kò sí. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan ní Ẹ̀dá, wọ́n fẹ́ fi èyí dáná. Mo gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ iná tán, ọlọ́kadà tó gbé mi wá ní òun kì í gbé ilé."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Ilésanmí kí ó tó rántí pé òun kì í rẹ́rìn-ín. "Èmi máa ń gbé ilé. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ gbé e wá."

Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti so fèrèsé mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ibi ìkówèésí yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Àkúrẹ́, orúnkún ń dà á láàmú, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ti ní Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, ilé ọkọ òun ni òun ó ti ṣe é.

"Mo sì ti ṣèlérí fún un pé ilé á ti wà ní títún ṣe. Ilé náà ni kò tíì gbọ́ sí ìlérí ọ̀hún."

"Ilé kì í gbọ́ ìlérí," ni Ilésanmí wí. "Símẹ́ńtì ló ń gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kọ lu ẹ̀yìn Ilésanmí, ó gbóná wọ ara rẹ̀ bí oòrùn àárọ̀. Ooru náà kò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà ní kí ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó dúró nídìí igi ọsàn. Ilésanmí gbójú sókè. Ara rẹ̀ tutù.

Ilé Tíṣà Ajíbádé ni.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń yí ojú kúrò lára ilé yẹn. Ó wà ní ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tíṣà pè é síwájú pátákó, tí ó ní kí ó kọ ọ́ pé òun ń lọ sí ilé. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ti ń pè é nílé wọn: *ulé*. Tíṣà yí i padà sí gbogbo kíláàsì. "Bó bá jẹ́ ulé ni, kí ló dé tí orúkọ tìrẹ kì í ṣe Ulésanmí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí Tíṣà kò mọ̀ ni pé Ulésanmí gan-an ni ìyá ọmọ náà máa ń pè é, àti pé òjò tó rọ̀ kẹ́yìn ní ọdún yẹn ni ó rọ̀ sórí ibojì tuntun ìyá náà. Orúkọ tí ẹnu ìyá fi ń kẹ́ ẹ ti wá di ohun tí wọ́n ń fi sáré lé e káàkiri pápá. Ilésanmí fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò padà mọ́. Ó lè kàwé o. Ó ń ka Bíbélì, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò kọ lẹ́tà kan mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí àwọn ará oko ṣe ń tọ́jú irúgbìn ni Ilésanmí ń tọ́jú ìbínú: a máa yẹ̀ ẹ́ wò, a máa sá a sóòrùn, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun o," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Ẹ wọlé, ẹ wá bá mi wo iṣẹ́ náà."

"Mo ti rí i látìta."

Ó yẹ kí ó lọ, kí ó má sì padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ó ní òun wá wo ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní páànù ni òun wá wò. Ó ń yí ilé náà ká bí ewúrẹ́ tó ń wá ibi tí ọgbà ti ya. Ó ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ lé ìloro.

"Ṣé ẹ ti búra fún ẹnu ọ̀nà mi ni?" ni Fẹ́yìsayọ̀ bi í.

"Bíríkìlà tó bá mọṣẹ́, ìta ló ti ń mọ inú."

"Ó dáa, bíríkìlà tó mọṣẹ́. Èwo nínú yàrá wa ni eku ti bí sí?"

Ilésanmí fi imú fín afẹ́fẹ́. "Èyí tí ẹ kó ìwé sí." Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ó dé, kò gbọ́ ohùn kankan. Ó yọjú. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sórí símẹ́ńtì láàrin pálọ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwòrán táìlì àti ọ̀dà oríṣiríṣi fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ti ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù. Aládùúgbò ní ilé ìwẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ọbáfẹ́mi, olùkọ́ kan ní yunifásítì tí ó ti ń yí i ká láti ọdún tó kọjá, ti ya ilé tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n wó èyí pátá, nítorí ilé alámọ̀ kì í ṣe ilé ènìyàn ńlá. Orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ méjì, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"N kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Tí mo bá ti di ojú, táìlì ni mo ń rí."

Ẹsẹ̀ Ilésanmí ti wọlé kí orí rẹ̀ tó rántí ìbúra. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa ìwé náà dé.

"Ilé kì í ṣe ìdánwò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ máàkì yín. Kí ni Màmá máa ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá jí?"

Ọmọbìnrin náà ronú. "Wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n á sì wo ìta bóyá ilẹ̀ ti mọ́."

"Ẹ ò rí i? Ibi tí wọ́n á ti rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ la ó wá. Ìyókù á tẹ̀lé e. Àmọ́ kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ilé ìdáná kékeré kan sẹ́yìn ilé, kí ẹ máa rí ibi sè oúnjẹ nígbà tí ilé bá dojú rú. Ẹni tó bá yó kì í bá ògiri jà."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn bí a bá lè pè é níṣẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lẹ́yìn tí ilé ìdáná ti dúró, jíjókòó ni wọ́n ń jókòó. Bí Fẹ́yìsayọ̀ bá ti wà nílé, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó méjì sínú yàrá kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn gbà. Wọ́n mọ ìgbà tí oòrùn ń wọlé sí yàrá ìyá, tí ó ń gun orí ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ bí alágẹmọ. Wọ́n mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òórùn òdòdó ọsàn wá. Ní ọ̀sán, nígbà tí ìlú bá dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ bí páànù ṣe ń na ara nínú ooru, bí àgbàlagbà tó jí lójú oorun. Fẹ́yìsayọ̀ á sọ ohun tí ó ń rí lọ́kàn: aṣọ fèrèsé funfun, ibùsùn tí kò ga, ìyá tó ń rìn láti ibùsùn dé pálọ̀ láìgun àtẹ̀gùn. Ilésanmí á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Ìlà kan túmọ̀ sí pé ibẹ̀ á dúró. Àgbélébùú, ibẹ̀ á lọ. Orí fífọ́ náà lọ láìdágbére.

"Kí ló dé tí ẹ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí i?" ni ọmọbìnrin náà bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ìlà, ìlà, ìlà ṣáá."

Ilésanmí wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. "Olùkọ́ kan fi ọ̀rọ̀ kan dójú tì mí. Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀ fún un." Kò dárúkọ olùkọ́ náà. Báwo ni ó ṣe fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé rẹ̀?

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ di funfun. Ìmọ́lẹ̀ gun ògiri tán, ó bọ́ sí àjà, ó sì pòórá.

"'Ẹ' yìí," ni ọmọbìnrin náà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé kò ní tán láàrin wa ni?"

"Ọwọ́ yín ló wà."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ rẹ," ni Ilésanmí wí, ojú sì tì í bí ọmọ ogún ọdún.

Ọbáfẹ́mi wá ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ó bá àwọn méjèèjì lórí àpótí nínú yàrá òfìfo. "Kí lẹ ń ṣe?" ni ó bèèrè. "À ń wo ilé," ni Fẹ́yìsayọ̀ dáhùn. Ọkùnrin náà wò yíká, kò rí nǹkan kan, ó ká àwòrán rẹ̀, kò sì mú un wá mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ tó kù fi ń lọ sópin, ohun kan ṣoṣo ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí: ògiri tó wà láàrin yàrá bàbá àti pálọ̀. Ilésanmí ní bí ó bá kúrò, ìyá á ní yàrá ńlá kan tí fèrèsé búlúù á máa tan ìmọ́lẹ̀ sí. Fẹ́yìsayọ̀ á ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Kò sọ ohun tí ó ń rò. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan dúró ti ògiri náà láti ìgbà tí bàbá ti kú, ojú sì ń tì í láti sọ fún ọkùnrin tó le bí Ilésanmí pé ohun ọmọdé kan ni òun ní lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Àjíǹde pé. Iṣẹ́ há Fẹ́yìsayọ̀ mọ́ Ọ̀yẹ́, ni ó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, láìsí àmì kankan:

*Joo ba mi wo ogiri yara Baba. O ti n san. Mi o fe ki Mama ba a bee.*

Ilésanmí kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ògiri ti ń sán. Kò fẹ́ kí ìyá bá a bẹ́ẹ̀. Ó pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọbìnrin náà ti gbà níkẹyìn. Ó sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, ó gbé òòlù.

Ó sì gbé òòlù náà sílẹ̀.

Lára ògiri, lẹ́yìn ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà, ìlà pẹ́ńsù márùn-ún wà, ọ̀kan lórí èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Ibẹ̀ ni bàbá kan ti ń fi ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ti ògiri lọ́dọọdún, tí ó ń wo bó ti ga tó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè pátápátá ni Ilésanmí kọ́kọ́ kà: *Fẹ́yì, ọmọ ulé mi.*

Ulé! Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lójú. Ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ yìí lé e kúrò nílé ìwé, òun náà ni ó ń fi í kẹ́ ọmọ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá! Kò ka ìyókù. Bí kì í bá ṣe ti Fẹ́yìsayọ̀ ni, ì bá fi òòlù sọ ibẹ̀ di erùpẹ̀. Nítorí Fẹ́yìsayọ̀, ó mú àdá, ó gé ibẹ̀ yípo, ó fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí pákó, ó yọ ọ́ lódindi. Ó fi bébà símẹ́ńtì wé e, ó gbé e sórí yanrìn rírọ̀ nínú mọ́tò oníyanrìn tó ń padà sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀, kí káfíńtà lè fi pákó dè é yíká. Ó fẹ́ fi ya Fẹ́yìsayọ̀ lẹ́nu ni. Lẹ́yìn náà ni ó wó ìyókù.

Fẹ́yìsayọ̀ dé nírọ̀lẹ́. Ó dúró lójú ìloro, àpò rẹ̀ já bọ́.

"Ilésanmí. Kí lo ṣe?"

"Ohun tí o ní kí n ṣe."

"Wò ni mo ní! Mo ní kí o wò ó! Ta ló ní kí o wó o?"

Ó mú fóònù jáde, ó fi hàn án. "'Wo' lo kọ. Ka ohun tí o kọ. Ògiri tó ti ń sán, tí o kò fẹ́ kí Màmá bá, kí ni kí n fi ṣe?"

Omijé ti bo ojú ọmọbìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì jáde kí ó tó rí i mú. "Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹni tó bá kàwé á mọ èyí tí mò ń wí!"

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu. Ilésanmí wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù kí ó sọ: *mo yọ ọ́ pamọ́ fún ọ*. Ó gbé e mì. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gun alùpùpù, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ó ń ṣiṣẹ́ ní Odò-Orò, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀lé, fóònù ń dún, kò gbé e. Fẹ́yìsayọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ó má bínú. Ó kà á, kò fèsì, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i láràárọ̀. Ó gbé ògiri tí káfíńtà ti dè sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ní tán nínú òun láéláé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó lè ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè Rere, òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé. Ó dé pẹ̀lú ìjì, ó gbé etí páànù kan lórí ilé Ilésanmí, omi sì ń kán tó, tó, sí ibi tí ògiri náà wà. Ilésanmí fò sókè. Kò ronú aṣọ, kò ronú ibùsùn. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ògiri náà, ó fi ara rẹ̀ bo ẹ̀wù náà, ó dì í mú mọ́ àyà bí ọmọ tí òtútù ń mú. Níbi tí ó ti wólẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rò ó: bí ti ibí bá rí báyìí, báwo ni ti Iye ṣe rí? Ta ni ń bá a kó omi?

Nígbà tí òjò dá, ó yí ojú ògiri náà sí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kù, kí ó wò ó bóyá omi ti bà á jẹ́. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àwọn ìlà náà láti ìsàlẹ̀. *Fẹ́yì, ọmọ ilé mi.* Ilé. Èkejì: *ọmọ ilé mi.* Láti ìkẹta dé òkè: *ọmọ ulé mi.* Ó wo ọdún tó wà níwájú ìlà kẹta. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí òun fi kíláàsì sílẹ̀ ni.

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun fi ń dúró kí ọkùnrin náà gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Ó ti gbà. Ara ògiri ni ó kọ ọ́ sí, lọ́dọọdún, ibi tí kò sẹ́ni tó lè rí i.

Mọ́tò oníyanrìn kò ní jáde títí di Túsìdeè, nítorí ọdún Àjíǹde. Alùpùpù á sì gbọn ògiri náà túká. Láàárọ̀ Sátidé, bí ilẹ̀ ti mọ́, Ilésanmí ká aṣọ ṣe òṣùká, ó gbé ògiri náà rù, ó mú ọ̀nà Iye pọ̀n. Ilẹ̀ tutù, kùrukùru ń gbéra lórí ewé kòkó. Ọrùn ń ro ó. Kò sọ̀ ọ́.

Ó ti rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níwájú. Ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ni, ó ti rù díẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ohun tó rù, ìlà pẹ́ńsù márùn-ún sì ń wò ó láti orí ọkùnrin náà.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí, "ṣé ògiri lẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó ra ilé?"

"Ilé wà," ni Ilésanmí wí lábẹ́ ẹrù. "Èmi ni mo jáde kúrò níbẹ̀."

"Ulé yín ni mò ń lọ, kí n wá bẹ̀ ọ́. Mo sọ fún Màmá lórí fóònù lánàá. Mo ní Ilésanmí, bíríkìlà ará Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ilésanmí, n kò mọ̀ pé Bàbá mi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ…"

"Ọ̀rọ̀ tí èmi kò sọ ló burú jù. Mo ti yọ ọ́ pamọ́ kí o tó dé. Inú ló bí mi tí n kò fi wí." Ó gbìyànjú láti mi orí, kò lè mì í. "Fẹ́yì, bó o bá fẹ́ sunkún, bá mi sọ ògiri yìí ná."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Báyìí ni wọ́n ṣe jọ gbé e wọ Iye.

Ọjọ́ náà ni wọ́n mọ òpó kan síbi tí ògiri ti wà, òpó gbọọrọ tí kò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ìlà márùn-ún náà sí i lára ní ibi tí wọ́n ga tó tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ yíká àwọn ìlà náà, wọ́n ti fèrèsé búlúù náà bọ àyè rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, oòrùn gba ojú rẹ̀ wọlé, ó kọjá lórí ibùsùn tí kò ga, ó dúró lára òpó.

Ọ̀sán ni Màmá dé láti Àkúrẹ́. Ó fi ọ̀pá rìn wọlé, kò gun àtẹ̀gùn kan. Ó fi ọwọ́ kan àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọkùnrin tó dúró sí ìloro, tí kò mọ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun dúró.

"Ulésanmí. Ṣé ìwọ rè é?"

Ó dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí orúkọ náà dùn létí rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Tíṣà wá ọ dé oko lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè bẹ̀ ọ́ padà sí kíláàsì. Ọwọ́ òfo ló padà wálé."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wá, Mà. Mo wà lẹ́yìn abà."

"Òun náà mọ̀," ni ìyá wí. "Ó ní òun rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́yìn abà. Ó ní ọmọ tó bá le tó báyẹn, kí òun má fipá mú un, pé ó ń bọ̀ wá gan-an." Ó jókòó sórí ibùsùn, ó wo ìta lójú fèrèsé, ó mí kanlẹ̀. "Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Uṣẹ́ yìí dára o. Ẹ lọ wá oúnjẹ fún mi."

Ṣùgbọ́n Ilésanmí kò tíì lọ. Símẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ sí ìsàlẹ̀ òpó ṣì tutù díẹ̀. Ó mú ìṣó kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kọ lẹ́tà láti ìgbà èwe. Ó ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ àmì náà wọlé kí òjò ogún ọdún má lè pa á rẹ́:

*Yàrá ni mo fẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́.*

Fẹ́yìsayọ̀ kà á. Ó tún un kà. "Ẹni tó kàwé," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "kò lè ṣi èyí kà."

Ó mú pẹ́ńsù láti inú àpò rẹ̀. "Dìde. Fẹ̀yìn ti òpó. Má na ọrùn, má rẹ́ mi jẹ."

Ilésanmí dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé. Ọmọbìnrin náà gun àpótí ìjókòó, ó gbé pẹ́ńsù lé orí rẹ̀, ó fa ìlà kẹfà lókè àwọn márùn-ún tó kù. Ó kọ ọjọ́ náà àti ọdún. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ pé:

*Ulésanmí, ọkọ mi, ọmọ ulé yìí.*